Ẹ ya ẹni tó béèrè ìbọn sọ́tọ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ ológun kéde pé àwọn ṣọ́jà 66 tí kọ́ọ̀tù ológun ti dájọ́ ikú fún kò ní í kú mọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni wọn yóò ṣe. Ọ̀tẹ̀ lójú ogun Boko Haram ni ẹ̀sùn wọn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n akọ̀wé owó oṣù ni mo ṣe nínú báréékì kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í gba àròpọ̀ kankan gbọ́ láìtú u wò. 66 yẹn, 12 ni àti 54. Ohun tí àwọn 12 ṣe àti ohun tí àwọn 54 ṣe kò bára tan rárá.

Ọ̀rọ̀ àwọn 12 ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2014, kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ, àwọn ọmọ ogun ń ti Chibok bọ̀ lóru, ni ọ̀tá bá dènà dè wọ́n. Wọ́n gbé òkú dé báréékì Maimalari ní Maiduguri. Ọ̀gágun tó ń darí Dífíṣọ̀n Keje wá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì yìnbọn sí mọ́tò rẹ̀. Inú ń bí wọn, kò sì sí ẹni tó gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ tí inú kò ní í bí. Síbẹ̀, ẹni tó yìnbọn fún ọ̀gá rẹ̀, n kò lè bá a bẹ̀bẹ̀ ju pé kí wọ́n má pa á lọ.

Àwọn 54 ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n ní kí wọ́n lọ gba Delwa, Bulabulin àti Damboa padà lọ́wọ́ Boko Haram. Àwọn ṣọ́jà náà ní kí wọ́n fún àwọn ní ohun ìjà tó kájú ogun náà ná. Ẹ̀sùn wọn kò ju pé wọn kò lọ. Ṣọ́jà 59 ni wọ́n gbé dé kọ́ọ̀tù, wọ́n dá 5 sílẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n yìnbọn pa 54 tó kù. Agbẹjọ́rò Fẹ́mi Fálànà ló dúró fún wọn, ó sì pariwo ọ̀rọ̀ ohun ìjà yìí títí. Nínú oṣù Kejìlá 2015 tí wọ́n yí ikú wọn sí ẹ̀wọ̀n yìí kan náà ni ìjọba gbé olùdámọ̀ràn ààrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò nígbà náà lórí ètò ààbò lọ sílé ẹjọ́ lórí owó ìbọn, bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Ó ní òun kò jẹ̀bi, n kò sì ní bá adájọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ka fáìlì àwọn 54, kó fi fáìlì kejì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá ológun yóò ní bí a bá dárí ji irú àwọn 54, lọ́la odindi bàtálíọ̀nù ni yóò jókòó sílẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2015 ti dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ ológun tún ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ti lé yẹ̀ wò, wọ́n dá ṣọ́jà 3,032 padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ló gbọ́ pé àwọn wọ̀nyẹn ló ba iṣẹ́ ológun jẹ́?

Ẹni tí kò bá jókòó nídìí ìwé owó oṣù rí lè má mọ ohun tí wọ́n dá padà fún wọn. Nígbà tiwa, bí wọ́n bá lé ṣọ́jà, ìwé pélébé kan ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. A ó fi rúlà àti bírò pupa fa ìlà la orúkọ rẹ̀ kọjá, ó parí. Tó bá di ìparí oṣù, ìyàwó rẹ̀ á yọ sójú fèrèsé wa, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ kúuṣẹ́ o, ọ̀gá akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo orúkọ bàbá àwọn ọmọ mi, owó ò tíì wọlé.” Àwa tí à ń fa ìlà yẹn la ó sọ fún un pé wọ́n ti lé ọkọ rẹ̀, yàrá tí wọ́n ń gbé nínú báréékì náà sì ti di ti ẹlòmíràn. Àwọn 3,032 yẹn, wọ́n gba nọ́ńbà iṣẹ́ ológun wọn padà, orúkọ wọn sì padà sínú ìwé. Ẹni tí wọ́n yí ikú rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n, ìlà pupa kò kúrò lórí tirẹ̀. Bó ṣe ọdún 10 náà pé, kò sí kọ́bọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tó ń dúró dè é.

A ti ṣe irú ìdáríjì tí kò dá owó padà yìí rí. Ní oṣù Kìíní 1970 tí ogun Biafra parí, Gowon, olórí ìjọba, dárí ji àwọn tó bá a jà, kò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìwà ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣọ́jà Biafra ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Ààrẹ Shagari dárí ji Ojúkwu, olórí Biafra, ní 1982, ó sì padà wálé. Àwọn tó jagun fún un ṣì wà lára àwọn tí wọ́n lé, àfi ìgbà tó di ọdún 2000 tí Ọbásanjọ́, ẹni tó gba ìtúúbá Biafra lójú ogun, wá sọ ọ́ di ìfẹ̀yìntì. Àwọn ọlọ́pàá tó wà ní Biafra náà gba ìdáríjì lọ́dún yẹn. Oṣù Kẹwàá 2017 ni 162 nínú wọn tó rí owó gbà ní Enugu. Ọdún 17 ni ìwé ìdáríjì fi wà nílẹ̀ kí owó tó dé.

Ọ̀gá ológun lè dín ìyà kù, òótọ́ ni. Àmọ́ ìpín 175 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún ààrẹ lágbára láti dárí ji ẹni tí kọ́ọ̀tù ológun dá lẹ́bi, tó bá ti gba ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ àwọn àgbà orílẹ̀-èdè. Bí irú ẹjọ́ yìí bá tún dé iwájú ààrẹ àti ìgbìmọ̀ náà, fáìlì méjì ni kí wọ́n béèrè fún. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó yìnbọn ṣe ẹ̀wọ̀n wọn. Àwọn tó béèrè ìbọn, kí wọ́n pa ẹ̀bi náà rẹ́ lórúkọ wọn, kí wọ́n dá nọ́ńbà wọn padà, kí wọ́n sì kọ iye owó ìfẹ̀yìntì wọn àti ọjọ́ tí wọn yóò gbà á sínú ìwé ìdáríjì náà gan-an.