Ọ̀pọ̀ Ìbò Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Òtítọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì,

Ìgbàgbọ́ kan ti mú ọ̀pọ̀ wa lẹ́rú: pé ọ̀rọ̀ oníbàárà tí èrò púpọ̀ bá tẹ “ó wúlò” fún ló jóòótọ́ jù. Èyí tó wà lókè pátápátá la ó kà, a ó sì sanwó. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń kó wa lówó lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ̀rọ ìlọta kan wà lórí àtẹ. Oníbàárà àkọ́kọ́ kọ ọ́ lọ́jọ́ tó gbà á pé, “Ó dára gan-an.” 350 ènìyàn dìbò sí i: 200 ní ó wúlò, 150 ní kò wúlò. Oníbàárà kejì lò ó tó oṣù mẹ́fà kó tó kọ ọ́ pé ọ̀bẹ inú rẹ̀ ti kú, kò lè lọ ẹ̀wà mọ́. 62 péré ló dìbò sí tirẹ̀, 60 sì ní ó wúlò. Bí a bá ka orí lásán, ti àkọ́kọ́ ló máa lékè, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́ta nínú méje tó dìbò sí i ló kọ̀ ọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ẹlòmíràn á ní ká wo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn náà kò tó. Ìbò 3 nínú 3 jẹ́ 100. 190 nínú 200 jẹ́ 95. Òǹtajà wo ni kò lè bẹ ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́ta? Láti 1927 ni Edwin B. Wilson, ará Amẹ́ríkà, ti fi ìlànà kan lélẹ̀ tó ń dín ìgbẹ́kẹ̀lé kù níbi tí ẹ̀rí bá ti kéré. Nínú rẹ̀, 3 nínú 3 kò gbà ju nǹkan bí 44 lọ. 190 nínú 200 gba 91. Ní 2009, Reddit, ojúlé ìjíròrò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ìbò tún máa ń bí ìbò. Ní 2013, Lev Muchnik, Sinan Aral àti Sean Taylor gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fi ìbò rere kan ṣoṣo sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn ṣà lásán. Nígbẹ̀yìn, máàkì ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ nawọ́, èrò sì tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni àwọn ojúlé ìtajà: ẹ bo iye ìbò mọ́lẹ̀ títí olùkà yóò fi dìbò tirẹ̀. Ẹ lo ìlànà Wilson. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun tí ìbò rẹ̀ ṣì kéré náà máa dé òkè nígbà mìíràn, kí ojú lè tó o.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ wá ọ̀rọ̀ ẹni tó lo ọjà náà pẹ́ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì fẹ́ dìbò, ẹ ka ọ̀rọ̀ náà tán ná, ẹ má tẹ̀ lé èrò.