Kí Òfin Ìpẹja Má Ṣe Mọ sí Inú Ìwé

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ènìyàn a máa mòòkùn lọ sábẹ́ òkun, wọn a fi ọ̀kọ̀ gún ẹja, kì í ṣe fún títà bí kò ṣe fún fàájì. Ìjọba kò kọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí ohun èlò wọn. Apẹja bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé agolo afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Èémí tí ó bá fà sínú lókè omi ni kí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Kò gbọdọ̀ tan iná wá ẹja. Ìbọn tí ń ta ọ̀kọ̀ náà, agbára apá rẹ̀ ni kí ó fi kẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹ̀tù. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, òfin kò gba ọ̀kọ̀ tí a ki ọta ìbọn sí lẹ́nu láti fi pa ẹja.

Àwa gbà pé ọgbọ́n ńlá ni èyí. Bí agbára ènìyàn bá jẹ́ òdiwọ̀n ohun tí ó lè kó, ẹja a ráyè yé ẹyin, ọmọ ẹja a sì dàgbà.

Kí ni a ó wá wí nípa omi tiwa? Òfin kò wọ́n ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1992 ni òfin ìpẹja ojú òkun àti ti odò inú ilẹ̀ ti ka ohun abúgbàmù àti májèlé léèwọ̀ fún ẹja pípa. Síbẹ̀ ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ Gamalin, oògùn tí a ń fín sí kòkó nígbà kan rí. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan ń dà á sódò kí ẹja lè léfòó. Ní ọdún 2009 ni Àdéhùn Stockholm fi lindane, májèlé inú rẹ̀, sára àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ẹni tí ó da irú rẹ̀ sódò pa ọmọ ẹja, ó ba omi mímu jẹ́, ó sì ń ta ikú fún aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà.

Àwọn kan yóò wí pé òfin a máa ni tálákà lára. Òótọ́ ni, bí ìjọba bá mọ ìjìyà nìkan. Ṣùgbọ́n ta ni májèlé odò ń kọ́kọ́ pa, bí kò ṣe tálákà tí kò ní omi ẹ̀rọ?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Kí ìjọba ka òfin yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn apẹja ní èdè Yorùbá, ní èbúté àti ní ọjà. Kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ra àwọ̀n tí ó tọ́. Kí ó sì mú ẹni tí ń ta májèlé fún ìpẹja ṣáájú ẹni tí ń rà á. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má dúró de ọlọ́pàá. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.