Kòkòrò Tí Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Kòtò Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀



Nígbà tí a lọ kí àwọn ẹbí wa ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ìlú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣogbo, ìyá arúgbó kan fi páálí ìyẹ̀fun kan hàn wá. Ẹni tí ń kiri ọjà náà wí fún un pé bí ó bá ti dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kòtò rẹ̀ kì yóò kún mọ́ láéláé. Ó bi wá bóyá òtítọ́ ni. A ní, “Ẹ má bínú, Ìyá, ohun tí ó wà nínú páálí yìí ti wà nínú kòtò yín tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì san kọ́bọ̀ fún un.”

Ta ni nínú yín tí ń ra ìwúkàrà kí ògì rẹ̀ tó kan? Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ń ṣe iṣẹ́ náà. Bákan náà ni ó rí nínú kòtò tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sọ́kàwéè. Inú ìgbẹ́ ènìyàn ni àwọn kòkòrò náà ti ń wá. Wọn kò fẹ́ atẹ́gùn, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gbin títí yóò fi di omi àti èéfín. Ọ̀gbẹ́ni Louis Mouras, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní 1881. Donald Cameron sì kọ́ tirẹ̀ ní Exeter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1895.

Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ a máa kù sí ìsàlẹ̀, ọ̀rá a sì máa léfòó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi yẹ kí a máa fa kòtò náà, ní ọdún 3 sí 5 fún ọ̀pọ̀ ilé. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó àyíká pàápàá wí pé ìyẹ̀fun kòkòrò wọ̀nyí kò fi nǹkan kan kún iṣẹ́ kòtò tí ara rẹ̀ dá.

Ohun tí ó ń pa àwọn òṣìṣẹ́ wa wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ bulíìsì, ásíìdì àti kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sí i nítorí òórùn. Omi ọṣẹ níwọ̀nba kò lè pa wọ́n lára. Ẹ má ṣe da òróró tí ẹ fi din àkàrà sí i, ẹ má sì ju àkísà tàbí ìlédìí ọmọ sínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò inú kòtò kì í jẹ ike.

Ọ̀rọ̀ kànga ńkọ́? Omi tí ń ti inú kòtò wọ ilẹ̀ lọ kò tíì mọ́. Kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè bá a rìn, pàápàá ní àkókò òjò nígbà tí omi inú ilẹ̀ bá ga sókè. Ẹ jẹ́ kí ó tó mítà 30 láàárín méjèèjì, èyí tí í ṣe bí ìṣísẹ̀ 40, kí kànga sì wà ní apá òkè ilẹ̀.

Ìgbà tí a fẹ́ dìde ni Ìyá sọ èyí tí ó dẹ́rù bà wá jù: ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti múra láti wọ inú kòtò náà lọ ní ọjọ́ Sátidé, kí ó fi korobá gbọ́n ọn. A ké pe ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Èéfín inú kòtò a máa pa ènìyàn kí ó tó lè ké. Bí ó bá pọ̀, imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá sì wọlé láti yọ ẹni àkọ́kọ́ a máa ṣubú lé e lórí. Iná ìṣáná kò gbọdọ̀ dé ẹnu rẹ̀, nítorí èéfín náà a máa gbiná.

Ọkọ̀ tí ń fa ẹ̀gbin ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Owó tí Ìyá ti yà sọ́tọ̀ fún páálí kejì ni ó fi kún owó ọkọ̀ náà.