Bí Ọ̀rá Ṣe Ń Di Okùn Alágbára

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Prince George's County níbí ló lè kí ìyá àgbà dáadáa ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan sáyẹ́ǹsì báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń sá lọ bá. Bí ọmọ bá ń rí i bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, á gbà pé èdè àwọn òbí òun ò mọ̀ ju ìkíni àti ọbẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá ṣe sáyẹ́ǹsì lóṣù yìí. Ọ̀rá la máa lò.

Láti oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ilé ìtajà káńtì wa ò gbọdọ̀ fi ọ̀rá di ẹrù fún oníbàárà mọ́. Àpò bébà sì ń gba sẹ́ǹtì 10, ó kéré tán. Síbẹ̀, ọ̀rá búrẹ́dì àti ti ẹ̀fọ́ ṣì kún ilé. Ní Nàìjíríà, láílọ́ọ̀nù là ń pè é, àmọ́ láílọ́ọ̀nù gidi yàtọ̀. Polyethylene lèyí. Ọdún 1933 ni Eric Fawcett àti Reginald Gibson ṣèèṣì rí i ní iléeṣẹ́ ICI, ní England.

Ẹ gé ọ̀rá náà tẹ́ẹ́rẹ́, kó fẹ̀ tó ìka méjì. Ẹ gé òmíràn láti ìbú rẹ̀, kẹ́ ẹ wo èyí tó máa nà jù. Kí ọmọ fà á díẹ̀díẹ̀. Ibì kan láàárín á yọ ọrùn tóóró, ọrùn náà á sì máa gùn lọ síhà méjèèjì. Tó bá yá, kò ní fẹ́ nà mọ́. Ẹ wá bi í pé: kí ló dé tí ibi tó tín-ín-rín jù yẹn ò já? (Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ọ̀rá bojú o.)

Ìdáhùn rèé. Ẹ̀wọ̀n tín-tìn-tín ló wà nínú ọ̀rá: kábọ̀nù tẹ̀lé kábọ̀nù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ká tó fà á, ńṣe ni wọ́n ká jọ, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí a ò tíì ran. Tí a bá fà á, wọ́n á tú, wọ́n á kọjú sọ́nà kan náà, wọ́n á jọ gbé ẹrù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn tó ń ran òwú aṣọ òkè mọ èyí tipẹ́, àfi pé òwú nílò lílọ́. Fífà nìkan tó ọ̀rá.

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Ian Ward ń fà á ní Leeds, Roger Porter sì ń fi agbára tì í gba ihò tóóró ní Massachusetts. Àṣírí ibẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ yọ́. Nǹkan bí 130°C ni ọ̀rá líle ń yọ́. Wọ́n á mú un gbóná, àmọ́ kò ní dé ibẹ̀. Tó bá yọ́ pẹ́nrẹ́n, àwọn ẹ̀wọ̀n á tún ká padà, iṣẹ́ á sì di òfo.

Nígbà tó fi di 1979, Paul Smith àti Piet Lemstra ní iléeṣẹ́ DSM, ní Netherlands, ti rí ọgbọ́n míì dá: wọ́n kọ́kọ́ pò ó mọ́ èròjà olómi kí àwọn ẹ̀wọ̀n má baà ta kókó mọ́ra, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fà á. Òun là ń pè ní Dyneema. Tá a bá gbé òun àti irin tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, ó lágbára ju irin lọ dáadáa, síbẹ̀ ó ń léfòó lórí omi. Wọ́n ń fi so ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn ò lè wọ̀.

Ó ní ibi tó kù sí o. Ẹ mú ibi tó ti nà, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti là á ní gígùn: á là wẹ́rẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lágbára sí. Kò sì lè fara da iná.

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí: fà, nà, já, là, yọ́, ọrùn, ẹ̀wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi wọ́n ṣàlàyé fún ìyá àgbà lórí fóònù. Tí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù lẹ́nu rẹ̀, ẹ má bá a sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó bi ìyá àgbà.