Ta Ló Ní Ètò Ọdún Kò Kan Ètò Òní?

Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ oògùn máa ń pín ètò sí méjì. Àwọn kan jókòó sí yàrá ìpàdé, wọ́n ń pinnu oògùn tí wọn yóò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn mìíràn wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń pinnu èyí tí yóò wọ ẹ̀rọ lónìí àti èyí tí yóò dúró dọ̀la. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Irọ́ ni! Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì mọ̀ pé ètò kan náà ni Yorùbá ń pe méjèèjì, kò sì ṣì í pè.

Ẹ jẹ́ ká mú oògùn abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá rọ ọ́ sínú ìgò lónìí, kò tíì di títà. Ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ̀ pé kòkòrò àìfojúrí kò sí nínú rẹ̀ ń gba ọjọ́ 14, ó kéré tán. Ẹ̀rọ náà fẹ́ fífọ̀ kí oògùn mìíràn tó wọ̀ ọ́. Ti oògùn jẹjẹrẹ tún le jù bẹ́ẹ̀: májèlé ni fún ẹni tí kò nílò rẹ̀, nítorí náà wọn kì í kàn gbé e lọ sórí ẹ̀rọ yòówù tó bá ṣófo. Ẹni tó kọ iye ìgò sínú ètò ọdún láìka gbogbo èyí, àlá ló kọ. (Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ọjọ́ ìdánwò tí kò ka alẹ́ ìkàwé mọ́ ọn! A mọ irú rẹ̀ dáadáa.)

Wọ́n á ní, "Bí a bá débẹ̀, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á tún un tò." Àyè wo ni wọn yóò fi tò ó? Ẹ wo Amẹ́ríkà ní 2019. Vincristine jẹ́ oògùn tí àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe aláìní. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń tà á níbẹ̀. Teva pinnu pé òun kò ṣe é mọ́. Yàrá ìpàdé ni irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ó ku Pfizer nìkan. Nígbà tí ìdádúró wọ iṣẹ́ Pfizer, kò sí ẹlòmíràn tí yóò dí àlàfo náà. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí wọn yóò ṣe pín ìwọ̀nba tó kù láàárín àwọn ọmọ aláìsàn.

Kí là ń fẹ́? Kí ẹni tó ń kọ ètò ọdún kọ́kọ́ gba ètò ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọjọ́ ìfọ̀ àti ọjọ́ ìdánwò tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí, kí ètò ọdún yí pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀rọ tó dúró lásán ń jẹ owó. Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ètò ọdún náà, kí gbogbo wa rí i.