ÀLÀYÉ: Ṣé òfin lè fipá mú ọmọ Nàìjíríà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Nígbàkúùgbà tí ètò àjẹsára bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, oríṣi àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ló máa ń tàn ká orí WhatsApp àti Facebook. Ọ̀kan ní ìjọba ti ṣòfin pé ẹni tó bá kọ abẹ́rẹ́ yóò ṣẹ̀wọ̀n. Èkejì ní kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. Kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ délẹ̀ nínú méjèèjì.

Ibo ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ti wá?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Femi Gbajabiamila, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin nígbà náà, àti àwọn aṣòfin méjì mìíràn gbé àbá òfin kan wá lórí kíkápá àwọn àrùn tó ń ràn. Àbá náà fẹ́ fún àjọ NCDC lágbára púpọ̀, títí kan ọ̀rọ̀ àjẹsára. Ariwo ta, àbá náà kò sì di òfin. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ gùn lé fún kónílé-ó-gbélé lọ́dún náà ni Quarantine Act ti 1926, tí owó ìtanràn rẹ̀ ṣì jẹ́ ₦200.

Àgbàlagbà ńkọ́?

Òfin ìlera ti 2014, abala 23, sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú, kó sì ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà. Ìwé òfin 1999, abala 35, fàyè gbà á kí wọ́n dá ẹni tó ní àrùn tó ń ràn dúró láti dáàbò bo ará ìlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rí àjẹsára Kòrónà hàn kó tó wọ ọ́fíìsì, tàbí àbájáde àyẹ̀wò tó fi hàn pé kò ní àrùn náà. Wọn kò fipá gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni wọ́n sé.

Ti ọmọdé yàtọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, abala 13, pàṣẹ pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba gbogbo àjẹsára rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦5,000 lọ. Tó bá tún ṣe é, ó lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ kó tó múlẹ̀ níbẹ̀.

Àkótán

Àtẹ̀jíṣẹ́ méjèèjì ń ṣini lọ́nà. Òfin kò fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn, àmọ́ kò dákẹ́ lórí ọmọdé. Kí ẹ tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ béèrè: ṣé àbá ni àbí òfin? Abala wo? Ìjọba àpapọ̀ ni àbí ti ìpínlẹ̀? Bí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò bá rí èsì fún yín, ẹ má ṣe pín in.