Ibi Tí A Fi Irin Èjìká Sí

Àgbẹ̀ mọ̀ pé bí ọkọ́ tilẹ̀ mú, bí a kò bá fi í sí igi rẹ̀ bí ó ti tọ́, kò ní ro oko dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn èjìká tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi irin pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bèèrè irú irin tí a lò. Ní tèmi, ibi tí a ó fi í sí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè.

Ní ọdún 1985, Paul Grammont, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé, yí ètò oríkèé náà padà fún àwọn tí iṣan èjìká wọn ti já. Ó fi bọ́ọ̀lù sí ara egungun èjìká, ó sì fi ife sí orí egungun apá. Báyìí ni ẹran ńlá tí ó bo èjìká fi rí agbára gbé apá sókè.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ó ṣe pàtàkì. Bí bọ́ọ̀lù náà bá ga jù, ife lè máa ha egungun nígbà tí apá bá sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá wọ inú jù, apá lè gòkè, ṣùgbọ́n yíyí i síta lè nira, ìrun yíyà a sì di iṣẹ́. Bí apá bá gùn jù, iṣan ìmọ̀lára lè farapa. Bí ó bá dẹ̀ jù, oríkèé lè yẹ̀.

Nítorí náà, kí dókítà bi aláìsàn léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó mú ọ̀bẹ. Bí òun kò bá bèèrè, kí aláìsàn sọ fún un. Èyí kì í ṣe àfojúdi rárá: aláìsàn ni yóò máa lo apá náà.